Láti Abẹ́òkúta dé Àbújá: pápákọ̀ òfurufú wo ló yẹ kí ẹ gbà?

Tí a bá fa ìlà gbọọrọ láti Abẹ́òkúta dé Àbújá lórí àwòrán ilẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 480 ni. Bàlúù kò ní lò ju wákàtí kan lọ lójú ọ̀run fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bàlúù elérò tó ń gbéra nílùú Abẹ́òkúta. Ó di dandan kí a kọ́kọ́ wọ mọ́tò tàbí rélùwéè lọ síbòmíràn kí a tó fò, ibẹ̀ gan-an ni wákàtí ti ń sọ nù. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í dáhùn kíá nígbà tí ẹnìkan bá bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, wákàtí mélòó ni bàlúù ń lò dé Àbújá?" Wákàtí kan náà ni, níbikíbi tí ẹ bá ti gbéra. Ìbéèrè tó ń gbà wá lówó àti àkókò ni pé: láti ẹnu ọ̀nà ilé yín ní Ìbarà tàbí Asẹ́rò, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé tí ẹ ń lọ ní Wúsè tàbí Gàríkí, báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí nǹkan bá dojú rú lójú ọ̀nà?

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà nílẹ̀ fún ará Abẹ́òkúta. Ẹ lè gba Ìkẹjà, ẹ lè gba Ìpẹru-Rẹ́mọ, ẹ lè gba Ìbàdàn, ẹ sì lè fi bàlúù sílẹ̀ pátápátá kí ẹ gba ojú títì. Pápákọ̀ wà ní Àkúrẹ́ àti Ìlọrin náà, ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ ti fi ìdajì ọjọ́ ṣòfò. Àfi bí ẹ bá ní iṣẹ́ mìíràn lọ́hùn-ún, ẹ má ro wọ́n mọ́ ọn.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni àpapọ̀ wákàtí. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ pọ̀: ìrìn láti ilé dé pápákọ̀, ìdúró níbẹ̀, fífò fúnra rẹ̀, gbígba ẹrù ní Àbújá, àti wíwọ ìgboro. Apá tó kẹ́yìn yìí kò yàtọ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà 40 sí àárín ìlú Àbújá. Ẹ fi wákàtí kan sí i. Bí ó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dúpẹ́.

Ìkejì ni iye ìgbà tí ọkọ̀ ń gbéra lóòjọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tilẹ̀ ro èyí, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi òun ló wúwo jù. Bí wọ́n bá fagi lé ìrìn yín láàárọ̀, ṣé ẹ ó rí òmíràn wọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, àbí ẹ ó padà sílé lọ sùn? Ẹni tó ń lọ kí ọ̀rẹ́ lè sùn padà. Ẹni tí wọ́n ti fún ní déètì ní ilé-iṣẹ́ ìjọba, tàbí tí wọ́n ń dúró dè níbi ìgbéyàwó, kò lè dán an wò.

Ìkẹta ni owó, gbogbo owó pátá. Tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́. Ẹ ka owó mọ́tò dé pápákọ̀, owó ẹrù tó lé, àti owó hòtẹ́ẹ̀lì bí wákàtí ọkọ̀ bá mú kí ẹ sùn sítòsí rẹ̀. Ìkẹrin ni ààbò, pàápàá wákàtí tí ẹ ó fi wà lójú títì ní òkùnkùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó wá wo ẹni tó ń rin ìrìn náà: ṣé màmá àgbà ni, ṣé ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ ni, ṣé oníṣòwò tó di ẹrù ni?

Ìkẹjà: ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ń dá èèyàn lóró

Láti pápákọ̀ Murtala Muhammed dé ti Àbújá, nǹkan bíi kìlómítà 510 ni lójú ọ̀run. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó máa ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n àkókò tí bàlúù fi ń rìn lórí ilẹ̀ kí ó tó gbéra àti lẹ́yìn tó bá balẹ̀ wà nínú rẹ̀. Tí ó bá ti wà lókè, kì í sábà pé wákàtí kan kó tó tún máa sọ̀kalẹ̀.

Ohun tí Ìkẹjà fi ju gbogbo ìyókù lọ ni pé láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di alẹ́ ni ọkọ̀ ń lọ sí Àbújá, ilé-iṣẹ́ tó ń ná ọ̀nà náà sì pọ̀. Bí ọ̀kan bá já yín kulẹ̀, ẹ lè gba owó yín padà kí ẹ ra ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan náà. Òfin àjọ NCAA, tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, fún èrò tí wọ́n bá fagi lé ìrìn rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gba owó rẹ̀. Lóòótọ́, owó náà lè pẹ́ kó tó padà sí báǹkì, nítorí náà ẹni tó ń lọ fún ohun tí kò ṣeé sún síwájú, kó ní owó tíkẹ́ẹ̀tì kejì lọ́wọ́. Iye tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan ti wọ nǹkan bíi ₦100,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí Kérésìmesì tàbí Iléyá bá sì ń sún mọ́, ó ń fò sókè gidigidi. Ẹni tó tètè rà á ló ń rí i ní pọ́ọ́kú.

Ìṣòro Ìkẹjà wà láàárín Abẹ́òkúta àti Ìkẹjà. Ojú ọ̀nà méjì ni. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ jù gba Ewékorò, Ìtórí àti Ìfọ̀ kọjá, ó wọ Sàngó-Ọ̀tà, ó sì gba Abúlé-Ẹ̀gbá wọ Ìkẹjà. Òun ló kúrú jù. Bí ọ̀nà bá ṣófo, wákàtí kan àbọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń ti Kútọ̀ wọ mọ́tò Èkó déédéé: kòtò àti gósíló láàárín Ìfọ̀ àti Abúlé-Ẹ̀gbá lè sọ wákàtí kan àbọ̀ di mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìsí ìjàǹbá kankan, pàápàá nígbà òjò. Ìrìn tí kò ní iye pàtó ni, bẹ́ẹ̀ bàlúù ní wákàtí pàtó.

Ọ̀nà kejì gba Ṣágámù, ó já sí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó wá wọ Bẹ́gà títí dé Ìkẹjà. Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ ní kìlómítà, epo rẹ̀ sì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n títì náà dára, wákàtí rẹ̀ sì ṣeé fojú díwọ̀n. Èmi máa ń sọ fún àwọn èèyàn mi pé tí ó bá jẹ́ pé bàlúù ni wọ́n fẹ́ bá, kí wọ́n gba Ṣágámù. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ sá fún un: ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí èrò ìsìn òru ń ya lọ sí Redemption City. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀nà yẹn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún ẹni tó ní bàlúù láti bá.

Rélùwéè ńkọ́? Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀, Abẹ́òkúta ní ibùdó tirẹ̀ ní Ládérin, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè. Ọkọ̀ náà ń dúró ní Agége, Agége kò sì jìnnà sí pápákọ̀. Bí ẹ bá sọ̀ níbẹ̀, ẹ pe takisí, ẹ ti dé. Kò sí kòtò Ìfọ̀, kò sí gósíló Sàngó. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ará ìlú wa kò tíì rò ó. Ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń kọjá lóòjọ́, nítorí náà kò bá ẹni tí bàlúù rẹ̀ ń gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù mu rárá. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló wà fún. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ṣáájú, ẹ wo wákàtí tí wọ́n kọ sí i lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, nítorí wọ́n máa ń yí i padà, kí ẹ sì fi ó kéré tán wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ìgbà tí ẹ ó sọ̀ ní Agége àti ìgbà tí bàlúù yóò gbéra. Bí rélùwéè bá pẹ́ díẹ̀, ẹ kò ní padánù.

Nǹkan kan ń dààmú àwọn tó kọ́kọ́ ń gba Ìkẹjà, mo sì fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Àwọn ọkọ̀ abẹ́lé kì í gbéra láti ilé kan náà. MMA2 wà, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2007, ti ìjọba tí a mọ̀ sí MM1 sì wà lọ́tọ̀. Ẹ kò lè fi ẹsẹ̀ sáré láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹ ka tíkẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dírẹ́bà láìṣe àbọ̀ ọ̀rọ̀. "Pápákọ̀ abẹ́lé" kò tó.

Ọ̀rọ̀ wákàtí wá kù. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni kì í sábà pẹ́, nítorí bàlúù kan náà ni wọ́n ń lò fún ìrìn púpọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Bí ó bá pẹ́ ní Ẹnugu, yóò pẹ́ dé Èkó, ẹ̀yin tí ẹ ń dúró dè é lọ sí Àbújá yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Láti Abẹ́òkúta, ọkọ̀ aago méje àárọ̀ túmọ̀ sí pé kí ẹ kúrò nílé ní aago mẹ́ta òru. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ sùn sí ọ̀dọ̀ ẹbí ní Èkó tàbí kí ẹ sanwó hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìkẹjà, kí ẹ ka owó náà mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá fẹ́ sùn síta, ọkọ̀ aago mọ́kànlá sí aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ rà: ẹ ó kúrò nílé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó sì dé Àbújá kí ilẹ̀ tó ṣú, kódà bí ó bá pẹ́ díẹ̀.

Ní àpapọ̀, láti ilé dé ilé, ẹ fi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ sí méje sọ́kàn fún ọ̀nà Ìkẹjà. Wákàtí kan péré nínú rẹ̀ ni ẹ fi fò.

Ìpẹru-Rẹ́mọ: ti ilé wa

Pápákọ̀ Gateway tí Ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ sí àárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọkọ̀ elérò ní ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ValueJet ló sì ṣáájú. Fún wa ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ọ̀nà Ṣágámù ni ẹ ó gbà, láti ibẹ̀ ẹ ya sí Ìpẹru. Ẹ kò ní fẹsẹ̀ kan Èkó. Nǹkan bíi wákàtí kan, bí ó bá pẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ti wà lẹ́nu géètì. Láti ibẹ̀ dé Àbújá kúrú díẹ̀ ju ti Ìkẹjà lọ lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ohun tí ẹ ó fi yàn.

Ohun tó tọ́ kí ẹ fi yàn ni pé ọ̀nà náà ní iye pàtó. Ẹni tó bá sọ pé òun yóò dé Ìpẹru ní aago mẹ́sàn-án máa ń dé ibẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Èrò kò tíì pọ̀ ní pápákọ̀ náà, nítorí náà ẹ kò ní tò sórí ìlà gígùn kí wọ́n tó yẹ ẹrù yín wò. Fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, tàbí ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n tó tún fa àpótí, àlàáfíà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Àpapọ̀ wákàtí láti ilé dé ilé lè má ju wákàtí márùn-ún lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dára níbẹ̀ tọkàntọkàn, nítorí ìfẹ́ ilé lè dí èèyàn lójú. Ọkọ̀ tó ń lọ kò pọ̀. Kì í ṣe gbogbo wákàtí ni ẹ ó rí i, bí wọ́n bá sì fagi lé èyí tí ẹ rà, kò sí ilé-iṣẹ́ márùn-ún mìíràn tí ẹ lè sá bá. Ohun tó kù ni pé kí ẹ wọ mọ́tò padà sí títì márosẹ̀, kí ẹ sáré lọ sí Ìkẹjà, kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn ní iye tí wọ́n bá bá yín pe. Ìyẹn ṣeé ṣe láti Ìpẹru, nítorí ojú títì kan náà ló so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n àfi bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti àárọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fagi lé, ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn.

Ẹ tún wo bí ẹ ó ṣe dé ibẹ̀. Mọ́tò èrò tó ń ti Abẹ́òkúta lọ sí ẹnu géètì pápákọ̀ kò wọ́pọ̀ bí ti Èkó. Bí ẹ kò bá ní mọ́tò tiyín, ẹ ó ṣátà. Fún ẹnìkan, owó ṣátà náà ń dun èèyàn. Fún èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n jọ ń lọ, ó máa ń sàn ju kí oníkálùkù wọ mọ́tò lọ sí Èkó kó tún wá takisí níbẹ̀. Ẹ bá dírẹ́bà ṣàdéhùn àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ẹni tó bá balẹ̀ sí Ìpẹru láìní ẹni tó ń dúró dè é lè pẹ́ kó tó rí mọ́tò tí yóò gbé e dé ilé.

Àbọ̀ gan-an ni Ìpẹru fi dára jù fún mi. Ẹni tó bá balẹ̀ sí Ìkẹjà ní aago méje alẹ́ ṣì ní òru níwájú: ṣé kó gba Sàngó lóru ni, tàbí kó wá ibi sùn? Ẹni tó balẹ̀ sí Ìpẹru ní ọ̀sán yóò jẹ oúnjẹ alẹ́ ní Abẹ́òkúta. Kò sí ohun tó burú nínú pé kí ẹ gba Ìkẹjà lọ, kí ẹ sì gba Ìpẹru bọ̀, bí wákàtí ọkọ̀ bá bọ́ síbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì abẹ́lé kì í sábà gbówó lórí nítorí pé ẹ ra àlọ àti àbọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìbàdàn: ó sún mọ́, àmọ́ ibi tí pápákọ̀ wà ni kò bá wa mu

Lórí àwòrán ilẹ̀, Ìbàdàn ló yẹ kí gbogbo wa máa gbà. Nǹkan bíi kìlómítà 77 ni láti Abẹ́òkúta, pápákọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá pè sì sún mọ́ Àbújá ju Ìkẹjà lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 100 lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n Alákíà ni pápákọ̀ náà wà, ní ìhà tí ó kọjú sí Ifẹ̀. Ọ̀nà Abẹ́òkúta ń wọ Ìbàdàn láti Ọmí-Àdìó àti Àpáta, ní òdìkejì ìlú. Ẹ ó la Ìbàdàn já kí ẹ tó dé ibẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì mọ Ìbàdàn mọ̀ pé lílà á já kì í ṣe eré ọmọdé. Rélùwéè kò yanjú rẹ̀, nítorí Mọ́níyà tó ń dúró sí tún jìnnà sí Alákíà.

Ọkọ̀ tó ń lọ láti ibẹ̀ sí Àbújá kéré sí ti Ìkẹjà ní ìlọ́po púpọ̀. Kí ẹ tó fọkàn sí i, ẹ rí i pé ọkọ̀ wà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ àti lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ bọ̀. Mo rí ìwúlò rẹ̀ fún àwọn tó wà ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀, Ọ̀dẹ̀dá àti àyíká yunifásítì FUNAAB, nítorí wọ́n ti wà ní ìhà Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, wọn kò ní gba inú ìlú Abẹ́òkúta kọjá. Ó tún dára fún ẹni tí yóò kọ́kọ́ lo ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́dọ̀ ẹbí ní Ìbàdàn. Fún ará Òkè-Mosàn tàbí Oníkólóbó, n kò rí ìdí rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ti Ìpẹru ti dé.

Ojú títì: owó kékeré, ìrìn gígùn

Láti Abẹ́òkúta dé Àbújá lójú títì ju kìlómítà 700 lọ. Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, lẹ́yìn náà ìpínlẹ̀ Kogí títí dé Lọ́kọ́ja, kí ẹ tó dojú kọ Àbújá. Wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlá ni ẹni tó bá rìn dáadáa ń lò, ọ̀pọ̀ ń lò jù bẹ́ẹ̀. Owó mọ́tò kéré gan-an sí ti bàlúù, mo sì mọ̀ pé fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀: ₦100,000 àlọ nìkan kò sí nílẹ̀. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe rin ọ̀nà náà lóru. Àwọn ajínigbé ti ṣọṣẹ́ ní ìhà Ọ̀wọ̀ sí Kogí àti láàárín Lọ́kọ́ja àti Àbújá, òkùnkùn sì ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ. Ẹ wọ mọ́tò tó ń gbéra ní kùtùkùtù, tí yóò ti kọjá Lọ́kọ́ja kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ sọ nọ́ńbà mọ́tò náà fún ẹnìkan nílé. Lásìkò òjò, ẹ tún fetí sí ìròyìn odò: ní ọdún 2022, omíyalé bo ojú ọ̀nà láàárín Lọ́kọ́ja àti Àbújá débi pé mọ́tò kò lè kọjá fún ọjọ́ púpọ̀, èrò sì há sójú ọ̀nà. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni odò máa ń kún jù.

Ojú títì ní àǹfààní kan tí bàlúù kò ní, ìyẹn ni ẹrù. Kìlógíráàmù 20 tàbí 23 ni ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù ń gbà láìsan owó kún un. Oníṣòwò àdìrẹ láti Ìtòkú tó fẹ́ gbé ìdì aṣọ márùn-ún lọ sí Wúsè yóò sanwó ẹrù tó lé títí tí èrè yóò fi tán. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ó fi ẹrù ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí a mọ̀ bí ẹni mowó, tí yóò kọ rìsíìtì, kí òun fúnra rẹ̀ wọ bàlúù lọ pàdé rẹ̀.

Ọyẹ́

Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà ń bo ojú ọ̀run débi pé awakọ̀ bàlúù kì í rí ojú ọ̀nà tí yóò balẹ̀ sí. Àbújá ń jẹ ìyà rẹ̀ ju Èkó lọ. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni pápákọ̀ Àbújá sì ń lò fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Nígbà tí wọ́n tì í fún àtúnṣe ní oṣù kẹta sí ìkẹrin ọdún 2017, Kàdúná ni gbogbo ọkọ̀ lọ ń balẹ̀ sí. Nítorí náà, ní àkókò ọyẹ́, ẹ má ṣe ra ọkọ̀ tí yóò balẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí ẹ ní ìpàdé. Ẹ lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ní àkókò yìí gan-an ni iye ọkọ̀ tó wà ní Ìkẹjà ń wúlò jù, nítorí nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́ lọ́sàn-án, wọn yóò máa gbéra lọ́kọ̀ọ̀kan títí di alẹ́, àyè sì lè ṣí fún yín nínú ọ̀kan.

Ta ni kó gba èwo?

Òṣìṣẹ́ ìjọba láti Òkè-Mosàn tó ní ìpàdé ní Àbújá ní aago mẹ́wàá àárọ̀: ẹ gba Ìkẹjà, ní ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, ní ọ̀sán. Ẹ má fi ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà ta tẹ́tẹ́. Bí àbọ̀ yín bá bọ́ sí ìgbà tí ọkọ̀ Ìpẹru wà, Ìpẹru ni kí ẹ gbà padà.

Bàbá tàbí màmá àgbà tó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ: Ìpẹru, láìsí àní-àní, kí ẹnìkan sì sìn wọ́n dé ẹnu géètì. Bí wọ́n bá nílò kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má dúró di ọjọ́ ìrìn. Bí wọ́n bá sún ọkọ̀ náà sí ọjọ́ mìíràn, kò sí ẹni tí yóò kú, wọn yóò padà sílé sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tiwọn.

Ìdílé èèyàn mẹ́rin tó ń lọ sí ìgbéyàwó: ẹ ṣátà mọ́tò kan lọ sí Ìpẹru, kí ẹ dé Àbújá ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré ló kù, ẹ gba Ìkẹjà.

Ẹni tó ń dá lọ, tí kò ní mọ́tò, tí owó rẹ̀ sì ní ìwọ̀n: rélùwéè láti Ládérin dé Agége, takisí dé pápákọ̀, bàlúù ọ̀sán. Òun ló wálẹ̀ jù nínú gbogbo ọ̀nà tó ní bàlúù nínú, ìrìn rẹ̀ sì tu èèyàn lára. Ẹ dé Agége pẹ̀lú wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́.

Ará Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB: ẹ wo ti Ìbàdàn àti ti Ìpẹru sí ara wọn lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ mú èyí tí wákàtí ọkọ̀ rẹ̀ bá gba yín láàyè láti kúrò nílé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́.

Àgùnbánirọ̀ tó ń lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tí kò ní owó bàlúù: ojú títì ni, ṣùgbọ́n mọ́tò àárọ̀ kùtùkùtù láti gáréèjì tí a mọ̀, kì í ṣe mọ́tò tó ń pe èrò lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀yin òbí, bí ó bá jẹ́ pé owó díẹ̀ ló kù kó tó pé ti bàlúù, ẹ bá a wá a.